Àwo Pẹlẹbẹ Tí Ó Jí Kọ̀ǹpútà Bàbá Atẹ̀wé ní Ṣómólú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣíde ọ̀rọ̀ mi, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀sọ̀ gan-an ni ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé, kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́? Ẹ fara balẹ̀ fún mi. Bí ẹ bá kà á dé ìparí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ oríkì ni mo ń sọ, kì í ṣe ọ̀rọ̀ irin nìkan.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Gbogbo ẹni tí ó bá ti gbé ní Akoka ni ó mọ̀ pé Bàrígà ni aládùúgbò wa, àti pé bí ènìyàn bá la Bàrígà kọjá, kò ní í pẹ́ dé Ṣómólú. Iṣẹ́ tí a mọ Ṣómólú mọ́ ju gbogbo iṣẹ́ lọ ni iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ní òpópó Bajulaiye, ní Shipeolu, àti ní àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká, ariwo ẹ̀rọ ni a fi ń jí, òun náà ni a sì fi ń sùn. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ẹ̀rọ Heidelberg, àti Kord àti GTO, tí wọn ń pọ ìwé jáde bí ẹni ń pọ èébì. Ẹni kan ń ta bébà, ẹlòmíràn ń gé e, òmíràn ń dì í. Ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, páálí oògùn, ìwé ilé-ìwé, kò sí èyí tí wọn kì í tẹ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ àjogúnbá ni iṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún kan náà ni wọ́n dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ìwé tí ó wà ní Bàrígà lónìí. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ìwé tí wọ́n fi òjé tò, bí ikán kò bá jẹ ẹ́, a lè rí i kà títí di òní. Ìwé tí a fi kọ̀ǹpútà tò ń kọ́, bí kọ̀ǹpútà bá kú, tí bébà sì sọnù, ó parí nìyẹn.

Ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Ní ọdún 2001, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ìgbà náà kó oríkì jọ lẹ́nu àwọn àgbà ní Ìlàjẹ, ní etí ọ̀sà ní Bàrígà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ọdún náà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, mo lọ kó o, mo sì rí i pé ojú ewé 33 sí 48 kò sí nínú rẹ̀ mọ́. Ìdì ewé mẹ́rìndínlógún ni ó já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìwé tí wọn kò rán dáadáa ti í ṣe. Inú ojú ewé wọ̀nyẹn gan-an ni oríkì náà wà.

Mo tọ bàbá tí ó tẹ ìwé náà lọ ní Ṣómólú. Bàbá ti dàgbà, ṣùgbọ́n iyè wọn pé. Wọ́n na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà kan ní igun yàrá, tí eruku ti sọ ọ́ di aláwọ̀ ilẹ̀, wọ́n ní, “Inú rẹ̀ ni ó wà, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún mélòó kan tí kò ti dìde mọ́.”

Mo ní, “Ẹ kú ìtọ́jú o, Bàbá. Ṣé ẹ lè jẹ́ kí á tú u wò, sà?”

Wọ́n ní, “Rárá o. Ẹnìkan tú ìkejì rẹ̀ wò lọ́jọ́sí, ohun tí ó yọ nínú rẹ̀ kò padà wá mọ́. Òmíràn wá wo èyí, ó ní òun yóò fọ̀ ọ́ mọ́ kí ó lè ṣiṣẹ́. Mo ní kí ó máa lọ. Bí o bá lè jí i láì tú u, jí i. Ẹ̀rọ yìí kò kú, oorun ni ó ń sùn.”

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí ni ó sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà.

KÍ NI ÀWO TÍ Ó Ń JÍ KỌ̀ǸPÚTÀ?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò mọ nǹkan kan. Ìwọ̀nba ìmọ̀ kékeré tí wọ́n kọ mọ́ ọn nínú láti ilé-iṣẹ́ ni ó ní, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní BIOS. Iṣẹ́ BIOS ni pé kí ó wo ara kọ̀ǹpútà bóyá ó pé, kí ó sì wá ibi tí ọ̀gá tí yóò máa darí ẹ̀rọ wà. Ó lè wá a nínú àwo líle tí ó wà nínú ikùn ẹ̀rọ, tí à ń pè ní C. Ó sì lè wá a lórí àwo pẹlẹbẹ tí a ń tì bọ ẹnu rẹ̀, tí à ń pè ní A. Àwo pẹlẹbẹ yìí ni àwọn ará Ṣómólú ń pè ní fúlọ́pì tàbí dísíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀gá tí ó wà nínú C bá ti bàjẹ́, ẹ̀rọ yóò kọ ọ́ síta pé òun kò rí ẹni tí yóò darí òun. Ohun tí kọ̀ǹpútà Bàbá ń kọ nìyẹn. Nítorí náà, bí a bá rí fúlọ́pì kan tí ọ̀gá mìíràn wà lórí rẹ̀, ẹ̀rọ yóò dìde láti ibẹ̀, a ó sì lè wo inú C láì fọwọ́ kan ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó kọ́kọ́ gbé fúlọ́pì jáde fún títà ní ọdún 1971. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́jọ. Ní ọdún 1976 ni ti ínǹṣì márùn-ún àti ìdámẹ́rin dé. Sony ni ó ṣe ti ínǹṣì mẹ́ta àtààbọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1981. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ wa ni èyí tí wọ́n kọ 1.44 MB sí lára, tí ó di gbajúmọ̀ láti ọdún 1987. Sony fúnra rẹ̀ ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró ní ọdún 2011. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ àwọn àgbà atẹ̀wé ni a ti ń wá a lónìí.

Nínú ike rẹ̀ ni awẹ́ roboto kan wà tí wọ́n fi eruku irin kùn. Ọ̀nà roboto ọgọ́rin ni ó wà ní ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì jẹ́ méjì. Wọ́n pín ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sí yàrá méjìdínlógún, yàrá kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà 512. Bí ẹ bá ṣe ìṣírò rẹ̀, 80 ní ọ̀nà 2 ní ọ̀nà 18 ní ọ̀nà 512, ẹ ó rí 1,474,560. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Yàrá àkọ́kọ́ gan-an ni ilé ọ̀gá. Lẹ́tà 512 tí ó wà nínú rẹ̀ ni BIOS máa ń kà ṣáájú ohun gbogbo. Àmì méjì ni ó gbọ́dọ̀ wà ní ìparí rẹ̀, 55 àti AA, ní ìlànà kíka mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ọ̀pọ̀ BIOS ni kò ní í gbà pé ọ̀gá wà níbẹ̀ bí wọn kò bá rí àmì náà. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Lẹ́tà kọ̀ǹpútà kan lè gba ìrísí 256, bẹ́ẹ̀ ni odù Ifá jẹ́ 256. Èmi kò sọ pé Ifá ni ó bí kọ̀ǹpútà o, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ka odù rí, ojú ìṣírò yìí kò ní í ṣàjèjì sí i.

FÁÌLÌ ÀWÒRÁN-ÀWO

Níbo wá ni a ó ti rí fúlọ́pì tí ọ̀gá wà lórí rẹ̀? Àwọn ènìyàn rere ti ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́ di fáìlì kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni lè gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì àwòrán-àwo ni mo pè é. Orúkọ rẹ̀ sì sábà máa ń parí sí.img tàbí .ima. Kì í ṣe àwòrán tí a ń fi kámẹ́rà yà. Ohun tí ó jẹ́ ni àdàkọ gbogbo yàrá tí ó wà lórí fúlọ́pì, láti orí èyí àkọ́kọ́ títí dé èyí ìkẹyìn, títí kan àwọn tí kò sí nǹkan nínú wọn. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé fáìlì àwòrán fúlọ́pì 1.44 MB gbọ́dọ̀ jẹ́ 1,474,560 gẹ́lẹ́. Bí ó bá dín, bóyá kò tíì wọlé tán. Bí kò bá sì bá iye náà mu rárá, bóyá inú àpò tí wọ́n fún un sí, bí i.zip, ni ó ṣì wà, tí a kò tíì tú u.

Èyí tí mo lò ni ti FreeDOS. Ọ̀dọ́ bíi tiwa ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jim Hall, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ni ó kéde rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1994, nígbà tí ó gbọ́ pé Microsoft fẹ́ fi MS-DOS sílẹ̀. Ó ní kí àwọn jọ kọ tiwọn, kí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹ wo irú ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe!

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Kọ̀ǹpútà kejì, tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, tí ó sì ní ẹnu fúlọ́pì, ni a nílò. Ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń to ìwé ní Bàrígà ni mo ti rí ọ̀kan. Windows XP ni ó wà nínú rẹ̀. Orí fóònù mi ni mo ti gba fáìlì náà, mo sì fi fúláàṣì gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe mi. Mo ti fúlọ́pì bọ ẹnu ẹ̀rọ, mo sì da fáìlì náà kọ sórí rẹ̀ bí a ti í da lẹ́tà kọ. Mo gbé e lọ sí Ṣómólú tayọ̀tayọ̀. Kọ̀ǹpútà Bàbá kà á, ó ní òun kò rí ọ̀gá kankan. Bàbá wò mí, wọn kò sọ̀rọ̀. Ohun tí mo ṣe dà bí ẹni tí ó gbé àpò àgbàdo sí oko, tí ó wá jókòó tí ó ń retí kí ó hù. Àgbàdo inú àpò kì í hù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó hù, kí ó tú u, kí ó sì gbìn ín sílẹ̀, ebè dé ebè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni fáìlì àwòrán-àwo. A kì í dà á kọ. A máa ń tẹ́ ẹ sórí fúlọ́pì, yàrá dé yàrá, kí yàrá àkọ́kọ́ inú fáìlì lè di yàrá àkọ́kọ́ orí fúlọ́pì. Iṣẹ́ yìí ní irinṣẹ́ tirẹ̀.

Lórí ẹ̀rọ tí ó ń lo DOS, RAWRITE ni irinṣẹ́ náà. Yóò béèrè orúkọ fáìlì lọ́wọ́ yín, ẹ ó sì sọ fún un. Yóò béèrè ẹnu tí fúlọ́pì wà, ẹ ó dáhùn pé A. Lórí Windows XP, RawWrite for Windows ni mo lò: mo yan A, mo yan fáìlì, mo sì tẹ ibi tí wọ́n kọ Write sí. Ẹni tí ó bá ń lo Linux yóò kọ ọ́ báyìí:

dd if=boot.img of=/dev/fd0

Lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò kọ sync, kí ohun gbogbo lè dé orí fúlọ́pì tán kí ó tó yọ ọ́. Kí ó wò ó dáadáa o! Ohun tí ó bá wà lẹ́yìn of= ni a óò kọ nǹkan lé lórí. Bí ó bá ṣèèṣì kọ orúkọ àwo líle rẹ̀ síbẹ̀, ẹkún ni yóò fi gbẹ̀yìn rẹ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ihò kékeré tí ó wà ní igun fúlọ́pì. Bí ó bá là sílẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, a ti ti fúlọ́pì náà pa, kò ní í gba nǹkan sórí. Ẹ ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ dé kí ó lè gbà. Bí ẹ bá parí iṣẹ́ tán, ẹ tún un ṣí, kí ohunkóhun má baà ba ohun tí ẹ kọ jẹ́.

Fúlọ́pì mẹ́wàá ni Bàbá fún mi láti inú dúrọ́ọ̀ wọn. Ooru àti ọ̀rinrin ti ba méje jẹ́ nínú wọn. Irinṣẹ́ yìí kò gba àbùkù rárá; bí yàrá kan bá ti bàjẹ́ níbi tí ó ti fẹ́ kọ̀wé, yóò dúró ni, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọ̀nà àkọ́kọ́. Mo mú ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ó kù. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, wọ́n mú iná lọ. Kò sí ìdajì àwo nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àtìbẹ̀rẹ̀ ni a óò tún bẹ̀rẹ̀. A dúró títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀, mo tún un ṣe, ó sì parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

ỌJỌ́ TÍ Ẹ̀RỌ JÍ

Mo padà sí Ṣómólú. Bí mo ti tan kọ̀ǹpútà ni mo tẹ Delete lé Delete, tí mo fi wọ inú BIOS. Níbẹ̀ ni mo ti fi A ṣáájú C nínú ètò ibi tí ẹ̀rọ yóò ti wá ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe èyí, inú C ni ẹ̀rọ rẹ̀ lè kọ́kọ́ lọ, kò sì ní í bojú wo fúlọ́pì rárá. Mo ti àwo bọ ẹnu rẹ̀. Ẹnu fúlọ́pì náà dún krr, krr, bí ìgbà tí èkúté ń họ páálí. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú rẹ̀. Bàbá dìde lórí àga.

Ọ̀gá tuntun béèrè bóyá kí òun gbé ara òun kalẹ̀ sórí C. Ibi tí ẹ̀sọ̀ ti wúlò nìyí. Ẹni tí ó bá fi ìwàǹwára dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ pa ohun tí ó ń wá. Mo ní rárá, ó sì fún mi ní àyè láti kọ àṣẹ. Mo kọ C: , mo kọ DIR, orúkọ fáìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wálẹ̀. FreeDOS yìí ń gé orúkọ gígùn kúrú, nítorí náà ORIKI~1.P65 ni mo rí, ṣùgbọ́n mo mọ ọmọ wa nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn. P65 ni àmì ìwé tí a fi PageMaker 6.5 tò.

Fáìlì mẹ́rìnlá ni ìwé ìròyìn ọdún 2001 náà jẹ́. Mo yọ àwo tí ó jí ẹ̀rọ, mo fi òfìfo sí i, mo sì ń fi àṣẹ COPY kó wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fúlọ́pì méjì péré ni ó kù tí ó dára, nítorí náà Ṣómólú sí Bàrígà, Bàrígà sí Ṣómólú ni mo ń rìn, tí mo ń tú ẹrù kí n tó padà wá gbé òmíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó gbà mí. Mọ́kànlá wọlé. Mẹ́ta kò ṣeé kà, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Àwo líle náà ti jẹrà níbẹ̀.

Ìṣòro mìíràn tún yọjú nígbà tí a ṣí i ní Bàrígà. Gbogbo ẹ, ọ àti ṣ, àti gbogbo àmì ohùn, ni ó ti di jágbajàgba. Kí ló fà á? Ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó fẹ́ to Yorùbá sábà máa ń lo lẹ́tà àdáṣe, níbi tí wọ́n ti gba ipò àmì èdè òkèèrè kan, tí wọ́n wá ya ẹ tàbí ọ́ tiwa síbẹ̀. Láìsí fáìlì lẹ́tà náà, àmì òkèèrè ni ojú ń rí. Mo tún padà sọ́dọ̀ Bàbá, mo wọ inú àpò FONTS tí ó wà nínú àpò WINDOWS, mo sì kó fáìlì lẹ́tà náà. Nígbà tí a fi í síbẹ̀, Yorùbá là kedere. Lónìí, ìlànà Unicode ti fún ẹ, ọ àti ṣ ní ipò tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ́ kò ní ipò kan ṣoṣo títí di báyìí. A ní láti so àmì ohùn mọ́ lẹ́tà ni. Nítorí náà, ẹ́ kan ṣoṣo lè gba ààyè lẹ́tà márùn-ún nínú fáìlì UTF-8, níbi tí e lásán ń gba ẹyọ kan.

ÀKÓTÁN

Nínú ojú ewé mẹ́rìndínlógún tí ó sọnù, méjìlá ti padà. Mẹ́rin kò padà. Mo gbé méjìlá náà lọ sí Ìlàjẹ láti béèrè àwọn tí wọ́n kì í. Wọ́n sọ fún mi pé gbogbo wọn ti wàjà. Ọmọ ọ̀kan nínú wọn ní kí n ka ti bàbá òun sókè. Mo kà á, ó gbà á lẹ́nu mi nígbà tí mo dé ìdajì, ó sì kì í tán. Mo kọ ìyókù náà sílẹ̀. Báyìí ni ojú ewé kan nínú mẹ́rin tí ẹ̀rọ kò lè dá padà ṣe ti ẹnu ènìyàn padà wá.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ kọ̀ǹpútà àtijọ́ mọ́ kí a tó wo inú rẹ̀. Kí a máa fi ẹ̀dà iṣẹ́ wa sí ibi mẹ́ta ó kéré tán: ọ̀kan lórí bébà, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹgbẹ́, ọ̀kan ní ibòmíràn tí ó jìnnà. Kí a sì máa kó lẹ́tà tí a fi tò ó pọ̀ mọ́ ọn. Ó ku àwọn àgbà atẹ̀wé mìíràn ní Ṣómólú tí kọ̀ǹpútà wọn ń sùn ní igun yàrá. Fúlọ́pì tí ó jí ti Bàbá wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣí ìlẹ̀kùn igun rẹ̀ kí ohunkóhun má baà ba ohun orí rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá mi lọ jí òmíràn, kí ó wá.